Ṣé mùsíọ́ọ̀mù ti gbé Malaquias Montoya mì ni, àbí a kò lóye ohun tí ó sọ?

Adétutù_Ọnà:

Mo kí gbogbo ilé o. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, mo sì ń múra ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ lórí pósítà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni mo bá pàdé ọkùnrin kan tí ọkàn mi kò tíì kúrò lára rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Malaquias Montoya ni orúkọ rẹ̀. Ayàwòrán ni, olùkọ́ ni, ajìjàgbara sì ni, láàrin àwọn tí wọ́n ń pè ní Chicano ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ Chicano fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Mẹ́síkò ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí. Orúkọ tí wọ́n fi ń tẹ́ńbẹ́lú àwọn tálákà ni nígbà kan rí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn láti nǹkan bí ọdún 1965 ni wọ́n gbé e wọ̀ bí aṣọ, tí wọ́n sì fi ń yangàn. Àwọn ìdílé mìíràn nínú wọn kò kọjá ààlà kankan wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun láàrin Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò parí, tí Mẹ́síkò sì fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn Guadalupe Hidalgo ní ọdún 1848, ààlà gan-an ni ó ṣí nídìí tí ó wá bá wọn nílé.

Ìbéèrè mi nìyí. Ní ọdún 1980, Montoya àti ìyàwó rẹ̀, Lezlie Salkowitz-Montoya, kọ àròkọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Metamorfosis. Wọ́n kìlọ̀ nínú rẹ̀ pé bí iṣẹ́ ọnà Chicano bá ń sáré wọ mùsíọ́ọ̀mù, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn alágbára tí ó yẹ kí ó máa bá wí, ohun tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà ìjà yóò kú mọ́ ọn nínú. Lónìí, pósítà Montoya wà ní Smithsonian American Art Museum ní Washington. Ó wà nínú àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ àtẹ̀jáde àwọn Chicano níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Oakland Museum of California tún ṣí àfihàn kan tí ó dá lórí òun àti àwọn tí ó nípa lórí wọn. Ǹjẹ́ kì í ṣe pé ohun tí ó ń sá fún ni ó padà gbé e mì? N kò béèrè láti fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò bi mí, mo sì fẹ́ mọ ohun tí n óò sọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Sacramento:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Sacramento ni mo fi ṣe ibùgbé láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, orúkọ Montoya kò sì ṣàjèjì ní agbègbè yìí. Èmi rò pé a kò lè dá ẹjọ́ àròkọ yẹn bí a kò bá kọ́kọ́ dé oko.

Ìlú Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n àfonífojì San Joaquin ní Kalifọ́níà ni ó dàgbà sí. Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ gba ọ̀nà 99 láti Sacramento lọ sí Bakersfield yóò mọ ibi tí mò ń wí: oko àjàrà, oko òwú àti oko tòmátì tí ojú kò lè tó òpin wọn. Ọmọ méje ni wọ́n nínú ìdílé náà, bàbá àti ìyá wọn kò sì mọ ìwé kà, ì báà ṣe ní èdè Sípéènì tàbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mẹ́ta tí ó dàgbà jù kò kọjá kíláàsì keje, nítorí pé iṣẹ́ alágbàṣe oko ni gbogbo ilé fi ń jẹun. Nígbà tí Malaquias di ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀. Ìyá ni ó ń bá iṣẹ́ oko lọ kí àwọn mẹ́rin tí ó kù nílé lè máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó ń sọ.

Ó wọ iṣẹ́ ológun Marines, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Reedley, ó sì ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní San Jose. Ṣọ́ọ̀bù yẹn, níbi tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, ni ó ti mọ síkíríìnì, ìyẹn títẹ àwòrán gba inú aṣọ tí a nà, dáadáa, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán. Lẹ́yìn náà ni ó fi owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí ó ti ṣe ológun rí wọ University of California ní Berkeley, ó sì jáde ní ọdún 1969.

Àkókò yẹn kì í ṣe àkókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1965, àwọn alágbàṣe oko tí wọ́n jẹ́ ará Filipínì, tí Larry Itliong ṣáájú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ nínú oko àjàrà ní Delano, nínú àfonífojì tí ó tọ́ Montoya dàgbà. Kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko ti César Chávez àti Dolores Huerta fi dara pọ̀ mọ́ wọn, ìjà náà sì gba ọdún márùn-ún kí àwọn olóko tó fi ọwọ́ sí ìwé. Ní Berkeley fúnra rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, Chicano, ará Éṣíà àti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà da ẹ̀kọ́ rú ní oṣù kìíní ọdún 1969, wọ́n ní àfi kí yunifásítì máa kọ́ni ní ìtàn àwọn náà. Montoya wà láàrin wọn, pósítà ni ó sì ń tẹ̀. Ní Oakland, òun, Esteban Villa, Manuel Hernández àti René Yáñez ti dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Mexican American Liberation Art Front. Ilé ara wọn ni wọ́n ti ń pàdé. Ta ni ì bá fún wọn ní gbọ̀ngàn?

Bàbá_Atẹ̀wé:

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ṣómólú ni mo ti ń tẹ̀wé kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ má sì jẹ́ kí a fo ọ̀rọ̀ síkíríìnì yìí kọjá bí ẹni pé ohun kékeré ni. Inú iṣẹ́ náà gan-an ni ìdáhùn olùkọ́ wà.

Férémù igi ni a ó kàn, a ó na aṣọ féléfélé sí i lára títí yóò fi le bí awọ gángan. Ibi tí a kò bá fẹ́ kí yíǹkì gbà kọjá, a ó dí i. A ó gbé férémù lé bébà, a ó da yíǹkì sí òkè, a ó fi igi olórọ́bà wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró, nítorí pé bí ọwọ́ bá gbọ̀n, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní férémù tirẹ̀. Kò gba iná mànàmáná, kò gba ẹ̀rọ ńlá, ènìyàn lè ṣe é nínú ilé ìdáná tàbí nínú gáréèjì. Bí ọlọ́pàá bá lu ènìyàn lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ni pósítà rẹ̀ ti wà lára ògiri.

Wàyí o, àwòrán tí a fi ọ̀dà kùn sórí kánfáàsì, ẹyọ kan ni. Ẹni tí ó bá rà á ti gbé e lọ, kò sí òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ síkíríìnì kò ní ìyá, kò ní ọmọ. Èyí tí mo fà ní àkọ́kọ́ àti èyí tí mo fà ṣe ìgba, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí mùsíọ́ọ̀mù bá gba ẹyọ kan tì sínú dígí, èyí tí ó wà ní ògiri ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò tìtorí ìyẹn yọ kúrò. Nítorí náà, mùsíọ́ọ̀mù kò gbé e mì. Ẹ̀dà kan ni ó rí gbà.

Akínkúnmi_L:

Mo júbà Bàbá, ọ̀rọ̀ wọn sì dùn mọ́ mi. Ẹ̀dà púpọ̀ lè dáhùn ọ̀rọ̀ mùsíọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n kò dáhùn ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ wò ó. Montoya kọ́ni ní Berkeley, ó kọ́ni ní Stanford, ó lo ọdún méjìlá ní California College of Arts and Crafts ní Oakland, ó sì di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Ní ọdún 1989 ni ó lọ sí University of California ní Davis, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ni ó ni Davis. Ìjọba kan náà ni ó ń rán ọlọ́pàá, òun ni ó ń kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin owó oṣù tí ó ń ti ọwọ́ ìjọba wá àti owó ìrànwọ́ tí ayàwòrán kékeré kan, tí kò níṣẹ́, fẹ́ gbà kí ó lè san owó ilé? Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ti wà lórí iná ni ó máa ń rọrùn fún láti gba ẹlòmíràn níyànjú pé kí ó gbààwẹ̀.

Adétutù_Ọnà:

Ẹ̀gbọ́n Akínkúnmi, ọ̀rọ̀ yín gún mi, mo sì tún padà lọ ka àròkọ náà lálẹ́ àná. Mo rí i pé bí mo ṣe gbé ìbéèrè mi kalẹ̀ kò tọ̀nà tó.

Bí mo ṣe lóye rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sọ pé kí ayàwòrán má jẹun. Wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti tako ti àwọn tí ó ń ṣàkóso ni àwọn alákòóso náà sábà máa ń fà mọ́ra títí yóò fi di ti wọn. Ẹni tí ó ń san owó lè má sọ ohunkóhun. Ó kàn máa yan ohun tí ó wù ú ni. Yóò mú àwòrán Wúńdíá Guadalupe, ìyẹn Màríà bí àwọn ará Mẹ́síkò ṣe ń yà á, yóò mú agbárí olódòdó, agbárí òkú tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, yóò mú ọkọ̀ aláràbarà, yóò sì fi àwòrán alágbàṣe tí wọ́n fi kóńdó lù sílẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán yóò ti mọ ohun tí ó ń tà, kò sì ní sí ẹni tí ó dá wọn lẹ́kun tí wọn yóò fi máa dá ara wọn lẹ́kun.

Ó yẹ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ náà wà lọ́kàn wa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1970, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ́de ní ìlà-oòrùn Los Angeles lòdì sí ogun Vietnam tí ó ń pa àwọn ọmọ Chicano. Àwọn agbófinró tú wọn ká, akọ̀ròyìn Rubén Salazar sì kú nígbà tí agolo tajútajú tí agbófinró kan yìn bà á lórí. Montoya, ẹni tí ó ti wọ aṣọ ológun rí, ṣe pósítà kan ní ọdún 1973 tí ó gbé ojú ará Vietnam àti ojú Chicano sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ọmọ ìyá. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni ó ti ṣe òmíràn tí ó so Cuba, Vietnam àti àwọn Chicano pọ̀ pé wọn yóò borí. Ní ọdún 1980, ogun ti parí, ìwọ́de ti dín kù, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti ń na ọwọ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ìbẹ̀rù rẹ̀ yé mi.

Mọrẹ́nikẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn ẹnìkejì. Àròkọ yẹn rí èsì gbà nígbà náà lọ́hùn-ún, nínú Metamorfosis kan náà. Shifra Goldman, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà kan tí ó ti pẹ́ tí ó ń jà fún àwọn Chicano, ni ó kọ ọ́. Kò gbà pé mùsíọ́ọ̀mù jẹ́ ilé ọ̀tá lásán. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè gbé ní òde gbogbo ètò àwùjọ. Àwọn ilé wọ̀nyí jẹ́ pápá ìjà bí òpópónà ti jẹ́, owó orí àwọn òṣìṣẹ́ náà sì wà nínú ohun tí a fi ń bójú tó púpọ̀ nínú wọn. Èmi fara mọ́ Goldman, mo sì ní ìdí kan tí ẹ̀yin ọkùnrin kì í sábà rántí.

Ní àwọn ọdún ìjà yẹn, àwọn ọkùnrin ni ó máa ń di gbohùngbohùn mú. Ta ni ó ń fún obìnrin ní ògiri? Ẹ wo Ester Hernández. Ọmọ alágbàṣe oko ni òun náà, láti Dinuba, nínú àfonífojì San Joaquin kan náà. Ó wá sí Berkeley, Montoya sì wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ níbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé mò ń bú olùkọ́ náà. Ní ọdún 1979 ni ó gbọ́ pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí oko ti ba omi ilẹ̀ ìlú rẹ̀ jẹ́, omi tí ìdílé rẹ̀ ti ń mu tí wọ́n sì ń fi wẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ní ọdún 1982, ó mú àwòrán omidan arẹwà tí ó wà lára páálí àjàrà gbígbẹ tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, ó sì sọ ọ́ di egungun tí ó ń rẹ́rìn-ín, tí ó ṣì dé fìlà pupa rẹ̀, tí ó gbé agbọ̀n àjàrà dání. Sun Mad ni ó pè é, ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ Sun-Maid, orúkọ tí ó wà lára páálí náà. Síkíríìnì ni, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ rẹ̀ ti ń ṣe é.

Iṣẹ́ yẹn wà ní Smithsonian báyìí. Ẹ sọ fún mi, ta ni ó yẹ kí ó rí egungun yẹn jù lọ? Alágbàṣe Dinuba ti mọ ohun tí ó wà nínú omi rẹ̀. Ẹni tí ó ń ra páálí àjàrà fún ọmọ rẹ̀ ní Washington ni kò mọ̀, mùsíọ́ọ̀mù ni ẹni yẹn sì máa ń lọ ní ọjọ́ ìsinmi.

Alábòójútó:

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ti yọ ìdáhùn méjì kúrò tí ó ń béèrè ọ̀nà àtigba fisa Amẹ́ríkà. Abala tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ Montoya.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Sacramento:

Alábòójútó, ọ̀rọ̀ fisa kò jìnnà sí Montoya bí ẹ ṣe rò, n óò padà sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ẹ̀gbọ́n Akínkúnmi lóhùn lórí owó oṣù, nítorí pé ibẹ̀ ni mo rò pé ìtàn ọkùnrin yìí ti dùn jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó tíì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

José Montoya ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, akéwì àti ayàwòrán, tí wọ́n bí ní ọdún 1932 tí ó sì kú ní ọdún 2013. Ọdún 27 ni ó fi kọ́ni ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Sacramento níbí. Òun àti Esteban Villa kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ṣáájú nínú dídá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Rebel Chicano Art Front. Lẹ́tà mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, RCAF, ni ẹgbẹ́ ológun òfuurufú ilẹ̀ Kánádà náà ń lò, àwọn ènìyàn sì ń ṣì wọ́n mú. Dípò kí wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n ní kò burú, awakọ̀ òfuurufú ni wá! Wọ́n di Royal Chicano Air Force, wọ́n wọ aṣọ awakọ̀ òfuurufú, wọ́n ń wa ọkọ̀ jíìpù ológun kiri ìlú, wọ́n sì ń tẹ pósítà fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko ti Chávez. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn ni José ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jáde lọ sí àdúgbò àwọn Chicano láti lọ kọ́ ọmọdé àti àgbàlagbà ní iṣẹ́ ọnà.

Àbúrò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Nígbà tí ó ń kọ́ni ní Oakland, ọdún márùn-ún ni ó fi darí ilé-iṣẹ́ síkíríìnì kan ní ìlà-oòrùn ìlú náà, Taller de Artes Gráficas. Ní ọdún 2009, òun àti Carlos Jackson, tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní Davis, ṣí òmíràn ní Woodland, ìlú oníṣẹ́ tòmátì tí kò jìnnà sí Davis rárá. Taller Arte del Nuevo Amanecer ni wọ́n pè é, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ọnà ojúmọ́ tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń wá kọ́ síkíríìnì níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Davis sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Yunifásítì ni ó ni ín. Ṣé ẹ rí i, Ẹ̀gbọ́n? Ó gba owó ìjọba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó gbé apá kan nínú ohun tí owó náà ń rà jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì, ó gbé e fún ọmọ alágbàṣe tòmátì.

Akínkúnmi_L:

Mo gbà fún yín ní ìdajì. Ilé-iṣẹ́ ti Woodland yẹn kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó ti ta ara rẹ̀ ń ṣe.

Ìdajì kejì ṣì kù. Ní nǹkan bí ọdún 2004, Montoya gbé ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan jáde lórí ìdájọ́ ikú, tí ó pè ní Premeditated. Àwòrán àti iṣẹ́ àtẹ̀jáde ni, ti àwọn tí ìjọba fi òfin pa: ẹni tí wọ́n so rọ̀, ẹni tí wọ́n fi iná mànàmáná pa, ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Mùsíọ́ọ̀mù yunifásítì Notre Dame ni wọ́n ti pàtẹ wọn. Nígbà tí mo ń wo àwọn àwòrán náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé wọn kò lè ṣiṣẹ́ lára òpó iná. Pósítà ìwọ́de ń pè ọ́ láti máa bọ̀. Èyí ń ní kí o dúró, kí o má lọ, kí o wo ojú òkú yìí dáadáa. Ó nílò yàrá tí kò ní ariwo, mùsíọ́ọ̀mù ni ó sì ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá a dé ibi kan, Montoya fúnra rẹ̀ lọ sí ibi tí Goldman ní kí wọ́n lọ. Kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì, kí a má fi ọ̀dà funfun kùn ún.

Mọrẹ́nikẹ́:

Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé òkú ni ó gbé wọ mùsíọ́ọ̀mù, òkú tí ìjọba pa. Kì í ṣe agbárí olódòdó ni ó lọ tà fún wọn. Ọdún 24 wà láàrin àròkọ yẹn àti iṣẹ́ yìí, mo sì rò pé ohun tí ó di mú ní 1980 kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: ẹnu-ọ̀nà ni ó yí padà. Èmi àti Goldman lè farada ìyẹn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Sacramento:

Ọ̀rọ̀ fisa tí mo ní n óò padà sí nìyí. Ní ọdún 1981, ọdún kan lẹ́yìn àròkọ, Montoya ṣe pósítà kan tí mo rò pé òun ni ó yẹ kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ènìyàn kan ni ó há sára wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ojú rẹ̀ kò hàn dáadáa, o kò lè sọ pé ẹni báyìí ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pupa kọ dábùú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń kán: UNDOCUMENTED.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, àyà mi já. Àwa Yorùbá tí a wà níhìn-ín mọ ọ̀rọ̀ yẹn ní èdè tiwa. A kì í sọ ọ́ sókè níbi àríyá. A máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ pé lágbájá kò ní pépà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti gbé ní Amẹ́ríkà. Mo mọ ẹni tí kò lè lọ sin ìyá rẹ̀ nítorí rẹ̀. Wáyà tí Montoya yà, ẹ̀yìn oko àjàrà ni ó ti rí i, ṣùgbọ́n kò béèrè èdè tí ẹni tí ó há sí i ń sọ.

Adétutù_Ọnà:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí ẹ̀kọ́ mi báyìí, n kò sì ní bi àwọn ọmọ bóyá mùsíọ́ọ̀mù gbé ẹnikẹ́ni mì. N óò gbé pósítà yẹn síwájú wọn, lẹ́yìn náà n óò ní kí wọ́n ṣe tiwọn ní Yorùbá. Ìṣòro mi ni ọ̀rọ̀ tí yóò rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Ẹ bá mi wá a.

Akínkúnmi_L:

ALÁÌNÍWÈÉ. Ọ̀rọ̀ kan, ó sì wúwo.

Mọrẹ́nikẹ́:

Ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé aláìmọ̀wé ni ẹ ń sọ. Àmọ́ o, nígbà tí mo rántí pé bàbá àti ìyá Montoya kò mọ ìwé kà ní èdè kankan, mo ní bóyá kí ó rí bẹ́ẹ̀ náà. Ìwé méjèèjì ni wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró ní ẹnu-ọ̀nà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Sacramento:

Èmi fara mọ́ KÒ NÍ PÉPÀ. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Bàbá_Atẹ̀wé:

Olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jà. Ẹ jẹ́ kí ìdajì kíláàsì ṣe ọ̀kan, kí ìdajì ṣe èkejì. Bí ẹ bá fi páálí gé lẹ́tà, inú A, inú O àti inú P yóò jábọ́, ihò lásán ni ẹ ó rí. Àfi kí ẹ fi àwọn ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ síkíríìnì, aṣọ náà ni yóò dì wọ́n mú. Mo ní férémù márùn-ún tí a kò lò mọ́, mo lè fi rán ọmọ iṣẹ́ mi sí yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí bébà pẹ̀lú gbogbo àmì wọn kí ẹ tó gé e, kí àwọn ọmọ má sì da yíǹkì púpọ̀ jù, nítorí pé ara àmì ni ó ti máa ń kọ́kọ́ dí. Pupa tí ó kù nílé tó ogójì bébà.